Òjò àkọ́rọ̀ àti káńópì ọjọ́ Friday

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Láti ọjọ́ Sunday ni wọ́n ti ń pè mí lórí ìṣọ́ òru tí a fẹ́ ṣe ní ìta gbangba ní Friday. Àwọn kan ní fóònù àwọn sọ pé ìjì òjò ń bọ̀. Àwọn mìíràn ní oòrùn ni tàwọn fi hàn. Tèmi fúnra mi kọ ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lánàá, ó di ogún láàárọ̀, ó tún ti padà sí ogójì báyìí. Màmá kan nínú ìgbìmọ̀ wá bi mí pé, "Pásítọ̀, èwo ni ká gbà gbọ́ nínú gbogbo ẹ̀? Ṣé ká gbé káńópì síta ni àbí ká má gbé e?"

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé Abúlé Ẹ̀gbá tipẹ́, ẹ ó rántí Monday, ọjọ́ 13, oṣù February, ọdún 2012. Ọyẹ́ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Ta ló ń ronú òjò? Ìjì kan dé, ó ṣí páànù káàkiri Èkó, ó wó igi, ó wó òpó iná, ẹ̀mí sì bá a lọ. Bẹ́ẹ̀, oṣù méje péré ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 10, oṣù July, ọdún 2011, òjò ti rọ̀ ní Èkó títí omi fi wọ yàrá, tó sì pa èèyàn tó lé ní ogún. Ti July yẹn, àárín gbùngbùn àsìkò òjò ló bọ́ sí. A mọ̀ pé òjò ń bọ̀, a kàn ò mọ̀ pé yóò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni. Ti February ló bá wa láìgbaradì: gọ́tà kún fún iyẹ̀pẹ̀ àti pọ́ọ̀wọ̀tà, ìṣó orí òrùlé ti tú látinú ọyẹ́, kò sẹ́ni tó gun òkè lọ wò ó.

Àwọn bàbá wa mọ òjò àkọ́rọ̀ dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé ẹlẹ́tàn ni. Á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àgbẹ̀ á sáré gbin àgbàdo, ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta á kọjá láìsí ẹ̀kán omi, irúgbìn á kú sínú ilẹ̀. Wọ́n sì mọ̀ pé ìjì rẹ̀ le, pé láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń wá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Lásìkò yìí, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó wá láti aginjù Sahara ṣì wà lókè, afẹ́fẹ́ olómi láti inú òkun ti ń wọlé nísàlẹ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn á fa omi rẹ̀ mu lójú ọ̀nà. Ìyẹn á sọ afẹ́fẹ́ náà di tútù, afẹ́fẹ́ tútù sì wúwo, á já wálẹ̀ bí ẹrù tó bọ́ lórí, á sì fọ́n ká. Òun ló ń ṣí òrùlé kí òjò gan-an tó dé.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni àkọ́rọ̀ ti ń ṣe báyìí. Àbúrò mi obìnrin wà ní New Jersey lọ́dún 2011 kan náà. Ní ọjọ́ 29, oṣù October, òjò dídì, snow tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù, bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Ní Central Park ní New York, kò ju ínṣì mẹ́ta lọ, síbẹ̀ kò tíì sí October kankan tí wọ́n wọn tó bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Ní January, wọn ò ní kà á sí. Ṣùgbọ́n ewé ṣì wà lórí igi! Snow jókòó sórí ewé, ẹ̀ka ṣẹ́ lu wáyà iná, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú òkùnkùn. Àbúrò mi ní òun fi kóòtù sùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n sì ti kéde rẹ̀ ṣáájú o. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ dájú ni àdúgbò tí yóò ti jẹ́ omi lásán, àti èyí tí yóò ti di snow.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ní èdè Yorùbá, orúkọ kan náà là ń pe ohun tí wòlíì sọ àti ohun tí rédíò sọ nípa ojú ọjọ́: àsọtẹ́lẹ̀. Àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì mọ ìdájọ́ wòlíì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣẹ, ó wà nínú Deuteronomi. Ìdájọ́ yẹn náà la wá ń ṣe fún NiMet. Wọ́n ní òjò, oòrùn ràn, a ní "onírọ́ ni wọ́n."

Ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí fún gbogbo ìlú ti rí i ṣáájú. Robert FitzRoy lorúkọ rẹ̀, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1859, ìjì rì ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Royal Charter, èèyàn tó lé ní irínwó kú. FitzRoy wá fi tẹlifóònù ìgbà náà, tẹligiráàfù, kó ìròyìn ojú ọjọ́ jọ láti etíkun gbogbo, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù August, ọdún 1861, ìwé ìròyìn The Times gbé àkọ́kọ́ jáde fún gbogbo èèyàn. Ọ̀rọ̀ tuntun, forecast, ló fi pè é, torí kò fẹ́ kí wọ́n kà á sí iṣẹ́ wòlíì. Àwọn aráàlú kò gbọ́. Bí kò bá ti ṣẹ, yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ni ọkọ̀ apẹja ń bínú pé ó ń dá ọkọ̀ àwọn dúró lásán. Lọ́dún 1865, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Wọ́n dá ìkìlọ̀ ìjì dúró lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn etíkun ló pariwo títí wọ́n fi dá a padà ní 1867.

Òyìnbó dá ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ sílẹ̀ fún ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1937. Òfin tó dá NiMet sílẹ̀ jáde ní 2003. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní Òṣòdì, wọ́n sì ń wọn òjò ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n àwọsánmọ̀ kan lè má ju kìlómítà mẹ́wàá lọ. Ẹ̀yin náà ti rí i: òjò á máa rọ̀ ní Ìyànà Ìpájà, eruku á máa fò lábẹ́ bíríìjì wa níbí. Ogójì nínú ọgọ́rùn-ún túmọ̀ sí pé bí irú ọjọ́ yìí bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, òjò á rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sọ pé á rọ̀. Kò sọ pé kò ní rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí n kò sọ síta rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, oṣù March, a ní irú ètò báyìí. Ọmọbìnrin kan nínú akọrin fi fóònù rẹ̀ hàn mí pé ìjì lè wà nírọ̀lẹ́. Mo bá a wí lójú gbogbo èèyàn, mo ní àìgbàgbọ́ ni. Mo gbàdúrà, mo sì gbàgbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní kí wọ́n so okùn káńópì. Aago mẹ́fà ààbọ̀, ìjì gbé káńópì méjì, irin rẹ̀ fọ́ egungun èjìká bàbá kan nínú àwọn asọ́nà wa. Bàbá náà ò dá mi lẹ́bi lọ́jọ́ kan. Tí ọyẹ́ bá mú, mo máa ń rí i bó ṣe ń fi ọwọ́ òsì gbá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, torí ọ̀tún kì í gòkè mọ́. Ọmọbìnrin yẹn, mo ti bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Lójú gbogbo èèyàn ni mo ti bú u, nítorí náà mo tún ń bẹ̀ ẹ́ níbí.

Ìdáhùn mi rèé, màmá. Inú ṣọ́ọ̀ṣì la ó wà ní Friday. Mo ti pe oní-káńópì, ó ní òun máa dá ìdajì owó àsansílẹ̀ padà. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ roro lọ́jọ́ náà, tí ìràwọ̀ sì pé síbẹ̀, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, ó gbà bẹ́ẹ̀. Thursday, aago méje àárọ̀, a ó kó gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀ṣì: ẹ mú ṣọ́bìrì àti bàtà rọ́bà dání. Bọ̀dá káfíńtà, ẹ bá wa gun òrùlé wo àwọn ìṣó yẹn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìṣọ́ òru bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì wá, nítorí iná.