Láti Àpótí Agídìgbo dé Ẹ̀rọ Kílò Mẹ́ta

Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo. Nínú orin ìlú Èkó ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, agídìgbo wà lára ohun tó ń ru ohùn ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń lù ú a máa fi ìka ta irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kàn mọ́ àpótí pákó, àpótí náà fúnra rẹ̀ ni ó sì ń sọ ìró náà di ńlá. Kò bèèrè iná mànàmáná. Nígbà tí gìtá béèsì gba ipò rẹ̀, ohùn túbọ̀ rinlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù dé.

Ọ̀ràn kan ló mú mi sọ èyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń tọ́ nínú ẹgbẹ́ olórin fẹ́ ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ampli, fún gìtá béèsì wọn. Owó tí wọ́n dá jọ kò lè ra méjì. Bí a bá ṣì í rà, ó parí. Èyí tó tóbi jù ni púpọ̀ nínú wọn ń nàka sí. Ìtàn ni mo fi dá wọn lóhùn.

Ní 1951, ní California, Leo Fender gbé Precision Bass jáde. Kí ó tó dé, gòjé ńlá olóòró tó ga ju ènìyàn lọ ni àwọn olórin ń gbé kiri. Gìtá tuntun yìí rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n odi ni láìsí ẹ̀rọ. Nítorí náà ni Fender ṣe Bassman ní 1952. Ní 1960, Jess Oliver ti ilé iṣẹ́ Ampeg ṣe B-15, tí a lè yí orí rẹ̀ dà sínú àpótí rẹ̀ kí a tó gbé e. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí, nítorí ẹni tó ṣe é rántí ẹni tí yóò rù ú. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 25 wáàtì lọ, síbẹ̀ James Jamerson lò ó ní Detroit.

Lẹ́yìn náà ni SVT dé ní 1969: 300 wáàtì, sípíkà mẹ́jọ. Orí rẹ̀ nìkan wúwo ju kílò 40 lọ. Pápá ìṣeré ńlá ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe àgbàlá ìsọmọlórúkọ. Èrò SVT yìí ṣì wà lórí àwọn ọmọ wa: wọ́n gbà pé ohun tí kò wúwo kò lè dún.

Kí ló fa ìwúwo náà? Okùn E tó nípọn jù lára béèsì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti gìtá lásán sì jẹ́ 82. Ohùn tó bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Irin àti bàbà inú tíránsífọ́mà, pẹ̀lú òòfà ńlá ẹ̀yìn sípíkà, ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ohun méjì ló yí i padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Masato Sagawa ní Japan àti àwọn onímọ̀ General Motors ní Amẹ́ríkà ṣe òòfà neodymium, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ó kéré, ó lágbára. Èkejì ni ọ̀nà tí a ń pè ní class D: transistor kàn ń ṣí, ó ń tì, ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ooru tó ń ṣòfò sì dín kù gidigidi. Láti nǹkan bí ọdún 2000 síhìn-ín, àwọn bíi Markbass ti Ítálì sọ ọ́ di ohun tí olórin lè fi ọwọ́ kan gbé. Orí 500 wáàtì lè má tó kílò mẹ́ta.

Ẹ má jẹ́ kí iye wáàtì tàn yín o. Bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, decibel 3 péré ló fi kún un. Etí kò ní gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì. Iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti sípíkà 4 ohm. Bí tiyín bá jẹ́ 8, ẹ retí nǹkan bí ìdajì. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó gba iná 230 volt.

Ẹ̀rọ fífúyẹ́ ní àbùkù tirẹ̀: bí ó bá jó, kì í ṣe gbogbo alátùn-únṣe rédíò ló lè tú u. Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ náà, mo sì tún dúró lórí èyí tó fúyẹ́, pẹ̀lú sípíkà kan tó fẹ̀ ní ínǹṣì 12. Ọmọbìnrin tó ń ta béèsì wa, zemijan ló ń gùn lọ sí òde. Mo ní kí ó gbé ẹ̀rọ náà gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ wa lójú onítajà kí a tó san owó.