Ìnira tí Ń Kọ́ni: Ìtàn Rockman àti Àwọn Ọ̀gá Inú Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà ń wo ẹ̀yìn kí ó lè mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú. Eré kan wà lórí ẹ̀rọ, nínú irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní géèmù, tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di òfin: ẹni tí ó bá ṣubú níbẹ̀ tí kò wo ẹ̀yìn, ojú kan náà ni yóò máa ṣubú sí títí eré náà yóò fi sú u. Rockman ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Capcom ní ilẹ̀ Jàpáàn ni ó gbé e jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1987. Mega Man ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Òkìkí rẹ̀ ni pé ó le. Ṣùgbọ́n ìnira pín sí ọ̀nà méjì: ọ̀kan ń kọ́ni lọ́gbọ́n, èkejì ń jẹni níyà lásán. Méjèèjì ni ó wà nínú eré yìí, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ìnira náà ti ṣẹ̀ wá. Kí irú eré báyìí tó wọ inú ilé, inú ṣọ́ọ̀bù ni àwọn ènìyàn ti ń ṣe é, lórí ẹ̀rọ ńlá tí ń gba owó ẹyọ. Ẹni tí ó bá kú nínú eré yóò tún ki owó bọ ẹnu ẹ̀rọ bí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú. Ikú oníbàárà ni èrè oníṣòwò. Capcom fúnra rẹ̀ jẹ nínú òwò yìí. Nínú Ghosts 'n Goblins tí ó ṣe ní ọdún 1985, bí ọ̀tá bá kan akọni lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀wù irin rẹ̀ yóò já bọ́. Bí ó bá tún kàn án, ó parí. Ẹni tí ó bá sì rọ́jú dé òpin yóò gbọ́ pé kí ó padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ti Rockman yàtọ̀. Famicom, ẹ̀rọ inú ilé tí Nintendo bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Jàpáàn ní ọdún 1983, ni wọ́n ṣe é fún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni olùrà sì ń san owó. Kí ni ó wá dé tí ó fi le? Ìdí kan ni pé ààyè kò tó. Gbogbo àwòrán, orin àti òfin eré náà kò ju 128 kilobyte lọ, èyí tí ó kéré sí àwòrán kan ṣoṣo tí fóònù òde òní ń yà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n dáadáa lè parí rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ìnira ni ó sọ wákàtí kan di ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Kò sì sí ọ̀nà láti fi iṣẹ́ pamọ́ di ọ̀la: bí a bá ti pa ẹ̀rọ, làálàá ọjọ́ náà ti wọ omi.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ta ni ìbá tún máa rántí Rockman? Ètò tí Akira Kitamura, ẹni tí ó darí iṣẹ́ náà, ṣe sí i ni ó sọ ìnira di ẹ̀kọ́. Nínú ìtàn eré náà, Dókítà Wily, ọ̀tá aráyé, jí róbọ́ọ̀tì mẹ́fà tí Dókítà Light ṣe, ó sì sọ wọ́n di jàǹdùkú. Róbọ́ọ̀tì kékeré kan ni ó jáde láti dá wọn dúró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́fà náà jẹ́ ọ̀gá ní ibùdó tirẹ̀, ó sì ń dúró de àlejò ní òpin ọ̀nà. Ẹni tí ń ṣeré ni yóò yan ẹni tí òun yóò kọ́kọ́ dojú kọ. Ọ̀gá tí ó bá sì ṣẹ́gun, yóò gba ohun ìjà rẹ̀.

Níbí ni ọgbọ́n wà. Abẹ Cut Man ni ó ń ṣẹ́gun Elec Man oní-mànàmáná. Mànàmáná ń ṣẹ́gun Ice Man oníyìnyín. Yìnyín ń ṣẹ́gun Fire Man oníná. Iná ń ṣẹ́gun Bomb Man oníbọ́ǹbù. Bọ́ǹbù ń ṣẹ́gun Guts Man tí ń gbé àpáta. Agbára àpáta gbígbé sì padà ń ṣẹ́gun Cut Man. Àwọn ará Jàpáàn ní eré ọwọ́ kan tí wọ́n ń pè ní janken: òkúta ń ṣẹ́gun àlùmọ́gàjí, àlùmọ́gàjí ń ṣẹ́gun bébà, bébà ń ṣẹ́gun òkúta. Òbìrí kan náà nìyí. Kò sí ọba láàárín wọn. Ẹni tí ó bá fi ìbọn lásán bá Elec Man jà yóò rí i pé mànàmáná mélòó kan péré ti tó láti gba ẹ̀mí òun. Bí ó bá padà wá pẹ̀lú abẹ Cut Man, ọ̀gá náà ni kò ní pẹ́ ṣubú. Agbára kò pọ̀ sí i; ìmọ̀ ni ó pọ̀ sí i.

Nínú ilé olódi Dókítà Wily ni a ti ń pàdé Yellow Devil, àǹjọ̀nú ńlá aláwọ̀ yẹ́lò. Ara rẹ̀ a fọ́ sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan a fò kọjá lọ sí òdì kejì, wọn a tún so pọ̀ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ni ohun ìjà ń ràn, kì í sì í là á pẹ́. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i yóò rò pé kò sí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ègé náà ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn kì í yí padà. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ gbọ́ ìlù rẹ̀ yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun fò àti ìgbà tí ó yẹ kí òun dúró; ìjà á sì di ijó. Àwọn kan rí ọ̀nà mìíràn. Bí a bá ta mànàmáná sí ojú rẹ̀, tí a sì ń tẹ bọ́tìnì Select léraléra, ìta kan náà yóò máa ṣe é léṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Àṣìṣe tí ó bọ́ mọ́ àwọn tí ó ṣe eré náà lọ́wọ́ ni. Ẹni tí ó gba ẹ̀bùrú dé ọjà ti dé ọjà. Ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1988 ni Rockman 2 jáde, pẹ̀lú ọ̀gá mẹ́jọ. Ìnira kejì fara hàn kedere ní ibùdó Quick Man. Bí akọni ṣe ń já bọ́ nínú ihò, ìtànṣán ń yọ lójijì láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá kàn án, ó kú, bí ẹ̀mí rẹ̀ tilẹ̀ kún dẹ́nu. Ẹni tí kò tíì rí i rí kò lè tètè yẹ̀ ẹ́. Ìyà nìyí, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, ohun ìjà Flash Man lè dá àkókò dúró, kí ìtànṣán má lè rìn. Àmọ́ ẹni tí ó bá lò ó níbẹ̀ lè má rí i lò mọ́ fún Quick Man fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè gba nǹkan bí ìdajì ẹ̀mí rẹ̀. Ní ti Metal Man, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mú ẹ̀rín dání. Yorùbá ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tún pàdé ọ̀gá yìí ní ìparí, abẹ tirẹ̀ gan-an ni ó ń pa á lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí eré kejì yìí dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1989, wọ́n fi yíyàn sí i: Normal àti Difficult. Ohun tí a pè ní èyí tí ó le yìí ni èyí tí àwọn ará Jàpáàn ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú èyí tí ó rọrùn, ohun ìjà wa ń dun àwọn ọ̀gá jù. Àwọn kan ka èyí sí àbùkù. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Òbìrí náà kò yí padà, ìṣesí àwọn ọ̀gá kò sì yí padà. Ìyà ni ó dín kù, ẹ̀kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, tàbí tí kò ní àkókò púpọ̀, rí àyè jókòó nínú kíláàsì. Bí Mega Man 9 sì ti mú ìrísí àti ìnira àtijọ́ padà ní ọdún 2008, ẹ̀rí ni pé àwọn ènìyàn kan ń fi ọwọ́ ara wọn wá ìnira náà kiri.

Nítorí náà, kí á má ṣe fi bí nǹkan ti le tó nìkan díwọ̀n iyì rẹ̀. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: nígbà tí mo ṣubú, ǹjẹ́ ohun kan wà lẹ́yìn tí mo lè wò? Bí ó bá wà, olùkọ́ ni ìnira náà. Bí kò bá sí, ẹni tí ń gba owó ẹyọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni.