Irú, Wàrà àti Sóyà: Ìtàn Oúnjẹ Ewéko ní Ìlú Ìlọrin

Ìfáàrà

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí a mọ̀ sí EAT-Lancet gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí oúnjẹ tí yóò ṣe ara lóore tí kò sì ní ba ilé ayé jẹ́. Ìmọ̀ràn wọn kò díjú: kí ẹ̀wà, ẹ̀pà, ewébẹ̀, èso àti ọkà pọ̀ nínú àwo, kí ẹran, pàápàá ẹran màlúù, dín kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ọ̀rọ̀ yìí bí ẹ̀kọ́ tuntun láti òkè òkun. Ìtàn oúnjẹ Ìlọrin kò fara mọ́ èyí. Ní ìlú náà, ewéko ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ láti ìgbà pípẹ́, ọgbọ́n ọwọ́ obìnrin ni ó sì fún ewéko ní adùn àti agbára tí ènìyàn ń wá lára ẹran. Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ ọgbọ́n náà nínú nǹkan mẹ́ta: irú, wàrà àti sóyà. Ó tún fi hàn pé oúnjẹ ewéko pàápàá kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹnì kan ni ó ń san owó rẹ̀.

Ìlú Onírúurú Ènìyàn

Lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní nǹkan bí ọdún 1823 sí 1824, Abdusalami ọmọ Ṣéù Àlímì di ẹmia àkọ́kọ́ ní Ìlọrin. Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Núpé àti àwọn mìíràn jọ ń gbé inú ìlú, orúkọ àdúgbò bíi Gàmbàrí àti Fúlàní sì jẹ́rìí sí i títí di òní. Bí ènìyàn ṣe pàdé ni ìkòkò ọbẹ̀ pàdé. Àgbẹ̀ kó iṣu, ọkà bàbà, àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀pà wá sọ́jà. Obìnrin Fúlàní gbé wàrà wá.

Kò yẹ kí a fi adùn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Nínú ìwé Power Relations in Nigeria tí ó jáde ní ọdún 1997, Ann O'Hear ṣàlàyé ipò àwọn ẹrú Ìlọrin àti àtọmọdọ́mọ wọn. Lára wọn ni àwọn tí wọ́n ń dáko ní abúlé àyíká láti bọ́ ìlú. Nítorí náà, nígbà tí a bá yin èlùbọ́ àti gbẹ̀gìrì àtijọ́, ó yẹ kí a rántí ọwọ́ tí ó di ọkọ́ mú.

Irú: Adùn Ẹran Láìsí Ẹran

Igi irúgbá ni igi pàtàkì nínú pápá àyíká Ìlọrin. Àgbẹ̀ kì í sábà gé e nígbà tí ó bá ń ṣán oko; ó máa ń fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀gbìn. Nínú ìlànà ilẹ̀ ìbílẹ̀, ilẹ̀ ọ̀tọ̀, igi ọ̀tọ̀: ẹni tí a yá ní ilẹ̀ láti fi dáko kò tipa bẹ́ẹ̀ di onígi. Èyí nìkan ti tó láti fi iyì hóró rẹ̀ hàn.

Hóró náà le. Obìnrin yóò sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà púpọ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀. Yóò bó èèpo rẹ̀, yóò fọ̀ ọ́, yóò tún un sè, yóò sì bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Nínú òkùnkùn àti ooru yẹn ni àwọn kòkòrò àìfojúrí, pàápàá Bacillus subtilis, ti ń fọ́ purotéènì inú hóró sí wẹ́wẹ́. Ohun tí ó jáde, ìbáà ṣe irú wooro tàbí irú pẹ̀tẹ̀, ń fún ọbẹ̀ ewébẹ̀ ní adùn tí ó jọ ti ẹran. Ìdí nìyí tí ọbẹ̀ ilá tàbí ẹ̀fọ́ tí kò ní ẹran fi lè jẹ́ oúnjẹ gidi.

Àwọn onímọ̀ ewéko sọ igi yìí ní Parkia ní ìrántí Mungo Park, ará Skọ́tíláǹdì tí ó rin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Kò sí àkọsílẹ̀ orúkọ obìnrin tí ó kọ́kọ́ mọ bí a ti ń sọ hóró náà di irú.

Wàrà àti Bọmubọmu

Wàràkàṣì Ìlọrin ti ara màlúù wá, ṣùgbọ́n ewé ni ó sọ ọ́ di ohun jíjẹ. Obìnrin Fúlàní yóò gbé wàrà kaná, yóò gún ewé tàbí igi bọmubọmu, yóò sì sẹ́ omi rẹ̀ sínú wàrà náà. Èròjà inú oje bọmubọmu yóò mú kí wàrà dì. A ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi lè ro dànù. Irú rẹ̀ wà ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè é ní wagasi. Báyìí ni ìlú fi mọ̀ pé ohun olómi lè di líle, kí a gé e, kí a dín in, kí ó sì gba ipò ẹran nínú ọbẹ̀.

Sóyà: Àlejò Tí Ó Di Onílé

Sóyà dé Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1908, ní oko ìwádìí Moor Plantation ní Ìbàdàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí à ń tà sí òkè òkun ni, pàápàá láti ilẹ̀ Tiv ní Benue. Ará ilé kò fẹ́ràn rẹ̀: kì í tètè jinná, òórùn rẹ̀ kò sì bá wọn lára mu.

Ohun méjì ni ó yí èyí padà. Èkíní, àjọ IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, mú irúgbìn TGx jáde, èyí tí ó lè bá àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ wa ṣiṣẹ́ láti fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé àgbẹ̀ ra oògùn kòkòrò ọ̀tọ̀. Èkejì, láti ọdún 1987, IITA àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí Nàìjíríà, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ àjọ IDRC ti Kánádà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni bí a ti ń lo sóyà nínú oúnjẹ ilé. Kókó ibẹ̀ ni pé wọn kò mú oúnjẹ àjèjì wá. Inú oúnjẹ tí a ti mọ̀ ni wọ́n fi sóyà sí: ògì, àkàrà, irú.

Wàrà sóyà bá ọ̀nà kan náà wọlé. A ó rẹ hóró, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó sè é, a ó sì fi omi ògì kíkan tàbí áálọ́mù dì í. Ọjà tí ó ti mọ wàrà màlúù kò nílò ìwàásù kí ó tó mọ èyí.

Oore àti Iye Rẹ̀

Ní ọdún 2013, àjọ FAO ṣírò pé ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì amáyégbóná tí ènìyàn ń tú jáde ti ọ̀dọ̀ ẹran ọ̀sìn wá. Ẹrù yìí kò rọ̀ mọ́ ọrùn gbogbo ènìyàn bákan náà: ẹran tí ará Nàìjíríà ń jẹ lọ́dún kéré púpọ̀ sí ti ará Amẹ́ríkà. Ní Ìlọrin, ìbéèrè tí ó ṣe kókó kì í ṣe bí a ó ti fi ẹran sílẹ̀, bí kò ṣe bí a ó ti pa oúnjẹ ewéko tí a ní mọ́.

Ewu ti yí i ká. Àwọn irúgbá ń dàgbà jù, a kò sì gbin ọ̀dọ́ igi tó. A ń gé wọn fún igi ìdáná àti èédú. Irú fúnra rẹ̀ ń jẹ igi ìdáná púpọ̀. Mágì sì ti gba ipò rẹ̀ nínú ìkòkò púpọ̀, pẹ̀lú iyọ̀, nígbà tí àjọ WHO ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Bákan náà, ẹni tí kò jẹ ẹran, ẹyin tàbí wàrà rárá gbọ́dọ̀ wá fítámì B12 níbòmíràn, nítorí ewéko kò ní in tó. Owó wàrà sì jẹ́ owó ọwọ́ obìnrin Fúlàní. Bí sóyà bá gba ọjà rẹ̀, ìyípadà náà kì í ṣe ti àwo oúnjẹ nìkan.

Ìkádìí

Ìtàn irú, wàrà àti sóyà fi hàn pé oúnjẹ ìlú kì í yí padà nítorí àṣẹ. Ó ń yí padà nígbà tí ohun tuntun bá rí ọgbọ́n àtijọ́ gbára lé, tí owó rẹ̀ kò sì ga ju agbára olùrà lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí oúnjẹ ewéko gbilẹ̀ ní Ìlọrin ní iṣẹ́ mẹ́ta tí ó hàn gbangba: kí a gbin irúgbá, kí a wá ààrò tí yóò dín igi ìdáná kù, kí a sì kọ ìmọ̀ àwọn obìnrin tí ń ṣe irú àti wàrà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè láti sọ ọ́.