Pípín Ìtàn: Iṣẹ́ Àwọn Asọ̀tàn Ilé Ìkàwé Ọmọdé ní New York

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí lè dà bí ohun kékeré lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn: níbo ni aláàmójútó ilé ìkàwé ọmọdé ti ń rí ìtàn tí yóò sọ? Ìyá àgbà inú agboolé kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ó ti gbọ́ àlọ́ lẹ́nu ìyá tirẹ̀, àwọn ọmọ tí ó ń pa á fún sì ti mọ ègbè orin rẹ̀ kí ó tó dá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlú gbà síṣẹ́ pé kí ó máa sọ ìtàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, tí èdè àti ìran wọn yàtọ̀ síra, àpò rẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ. Èrò tèmi ni pé ohun tí ó mú kí iṣẹ́ náà dúró ni pé àwọn tí ń ṣe é ṣí àpò wọn fún ara wọn. New York ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé a lè tọ ipasẹ̀ ìtàn níbẹ̀ láti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì.

Láti 1900 ni obìnrin ará Ìlú Ọba kan, Marie Shedlock, ti bẹ̀rẹ̀ sí kiri Amẹ́ríkà, tí ó ń sọ ìtàn, tí ó sì ń kọ́ni bí a ti ń sọ ọ́. Anne Carroll Moore, tí ó ń bójú tó yàrá ọmọdé ní ilé ìkàwé Pratt Institute ní Brooklyn, wà lára àwọn tí ó gbọ́ ọ. Nígbà tí Moore di olórí iṣẹ́ ọmọdé ní New York Public Library ní 1906, ó mú ìtàn sísọ wọ àwọn ẹ̀ka ilé ìkàwé náà. Ní 1915, Shedlock tẹ ìwé rẹ̀, The Art of the Story-Teller, jáde. Kò fi mọ sí ìmọ̀ràn nìkan: ó kó àwọn ìtàn tí ó ń sọ gan-an sínú rẹ̀, ó sì to orúkọ àwọn mìíràn tí ènìyàn lè wá kà. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé òwò ni ìtàn jẹ́ fún un. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, ọmọ ẹni nìkan ni a ń fi irú àṣírí bẹ́ẹ̀ hàn.

Ṣùgbọ́n ta ni ìtàn rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń pín? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní 1921, ẹ̀ka tí ó wà ní òpópó 135th Street ní Harlem gba Pura Belpré, ọmọ Puerto Rico, síṣẹ́. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ti ń ṣí wá sí àdúgbò náà. Belpré wá gbogbo pẹpẹ ìwé, kò rí ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń sọ fún un nílé. Òfin ilé ìkàwé nígbà náà sì ni pé ìtàn tí ó ti wà nínú ìwé títẹ̀ ni kí a máa sọ. Òfin náà ní ìdí tirẹ̀, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ìtàn sin ọmọ dé ìdí ìwé. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ó bí: ìtàn tí a kò tẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ ọ́, ìtàn tí a kò sì sọ, ta ni yóò mọ̀ pé ó yẹ ní títẹ̀?

Ní 1926, Belpré wà ní kíláàsì ìtàn sísọ tí Mary Gould Davis ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí New York Public Library dá sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Níbẹ̀ ni ó ti gbé ìtàn Martina aáyán àti Pérez eku kalẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbà á láàyè láti máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé bí kò tilẹ̀ tíì sí nínú ìwé. Ọdún 1932 ni a tó tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, aláàmójútó tí kò dé Puerto Rico rí lè sọ ọ́ fún ọmọ Puerto Rico tí ó bá wọlé tọ̀ ọ́ wá. Mo ka kíláàsì yẹn sí ju ìwé náà lọ, nítorí pé bí kò bá sí etí àwọn ẹlẹgbẹ́, bóyá ni ìwé ì bá wà.

Ẹ̀ka 135th Street yìí kan náà ni Augusta Baker bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sí ní 1937. Ìṣòro tirẹ̀ tún yàtọ̀: ìwé tí ó sọ nípa ènìyàn dúdú wà, ṣùgbọ́n ẹ̀gàn ni ó kún inú púpọ̀ nínú wọn. Láti 1939 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣa èyí tí ó dára jọ. Ní 1946, a tẹ orúkọ àwọn ìwé tí ó yàn jáde, èyí tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó wà ní ìlú mìíràn, tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, rí ọ̀nà. Ní 1953 ni wọ́n fi í ṣe aláṣẹ lórí ìtàn sísọ ní gbogbo ẹ̀ka. Ó fẹ̀yìn tì ní 1974. Nígbà tí ó sì di 1977, òun àti Ellin Greene kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sínú ìwé fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nílé níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adetowun Ogunsheye, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, dá ilé ìkàwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní Abadina, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1973 kan náà tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ni Adébóyè Babalọlá tẹ Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde. Ẹni tí ó bá ń pàlọ́ fún ọmọdé ní irú ilé bẹ́ẹ̀ lè gbé ìwé Babalọlá lé orúnkún, kí àlọ́ má sì wọ́n ọn. Ohun kan ṣoṣo ni ìwé kò lè fún un: ohùn orin. Bí kò bá gbọ́ lílé àti ègbè náà rí, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò kà, àwọn ọmọ yóò sì jókòó láìgbè é. Àlọ́ tí a kò gbè ti dín kù.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19 ti ilẹ̀kùn àwọn ilé ìkàwé ní 2020, ọ̀pọ̀ asọ̀tàn gba ohùn àti àwòrán ara wọn sílẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn náà ń wò ó. Lọ́nà báyìí, ẹni tí ó wà ní Ọ̀yọ́ lè dá orin Ìjàpá lónìí, kí ẹni tí ó wà ní Salvador ní ilẹ̀ Brazil sì kọ́ ègbè rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó dé lọ́la.