Àṣewò tí ó Kùnà ní Zurich: Bí Tíófíìnì Ṣe Di Mímọ̀

Lára àwọn èròjà abímí-ọjọ́ tí ó wà nínú epo rọ̀bì ni àwọn ẹbí tíófíìnì. Àpilẹ̀kọ yìí tọpasẹ̀ bí tíófíìnì fúnra rẹ̀ ṣe di mímọ̀ láti inú àṣewò tí ó kùnà lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọdún 1879, Adolf Baeyer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣàkíyèsí pé bí a bá po bẹ́ńsíìnì mọ́ isatin àti ásíìdì sọ́fúríìkì líle, àwọ̀ aró yóò yọ. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì gbà pé bẹ́ńsíìnì ni ó ń fa àwọ̀ náà. Viktor Meyer a máa fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Zurich. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ní ọdún 1882, aró kò yọ rárá.

Meyer kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà: ó wádìí lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Traugott Sandmeyer. Ó hàn pé bẹ́ńsíìnì tí wọ́n rí láti inú ọ̀dà èédú ilẹ̀ ti tán. Èyí tí wọ́n fi ásíìdì bẹnsóìkì ṣe ni wọ́n lò. Bẹ́ńsíìnì tí ó mọ́ gaara kò ní aró nínú. Ohun mìíràn ni ó fara pamọ́ sínú ti ọ̀dà èédú. Ní ọdún 1883, Meyer yọ ọ́ jáde, ó sì pè é ní tíófíìnì: òrùka tí ó ní kábọ́ọ̀nù 4 àti imí-ọjọ́ 1, pẹ̀lú háídírójìn 4. Ìwọ̀n ooru 80 ni bẹ́ńsíìnì ń hó, tíófíìnì ń hó ní 84. Ìdí nìyí tí sísè lásán kò fi tètè yà wọ́n.

Bí òrùka bẹ́ńsíìnì 2 bá so mọ́ tíófíìnì, ó di dibenzothiophene, tí ó wọ́pọ̀ nínú epo rọ̀bì. Bí ó bá jóná, imí-ọjọ́ rẹ̀ a di gáàsì tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Háídírójìn àti ooru, pẹ̀lú kóbáltì àti molybdenum, ni àwọn ilé iṣẹ́ ìfọpo fi ń yọ ọ́. Èyí tí ó le jù ni 4,6-dimethyldibenzothiophene, nítorí pé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ 2 dáàbò bo imí-ọjọ́ náà. Láti ọdún 2009 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi mílígíráàmù 10 nínú kílógíráàmù kan ṣe òpin imí-ọjọ́ nínú dísù ọkọ̀, kò ṣeé ṣe mọ́ láti fi irú èyí sílẹ̀.

Ohun tí Baeyer rí kì í ṣe irọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò pé. Olùkọ́ tí ó bá wádìí ìdí tí àṣewò fi kùnà ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ju èyí tí ó kàn tún un ṣe lọ.