Lílo Oògùn Apakòkòrò Nígbà Iṣẹ́ Abẹ Àpẹ́ńdíìsì

Àpẹ́ńdíìsì jẹ́ ẹ̀yà ìfun kékeré kan tí ó rọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, ní ìsàlẹ̀ ikùn lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ojú rẹ̀ bá dí, yóò wú. Bí a kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè bẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni àwọn dókítà sábà máa ń fi yọ ọ́ kúrò. Nítorí pé inú ìfun kún fún kòkòrò àìfojúrí, ojú abẹ náà lè ṣọyún. Oògùn apakòkòrò ń dènà èyí, ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀.

Kí abẹ tó kan ara

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Oògùn tí ó ń dáàbò bo ojú abẹ jù lọ ni èyí tí a fún aláìsàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2016 sọ pé kí ó wọ ara láàárín wákàtí 2 ṣáájú kí a tó la awọ, kí oògùn lè ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò.

Bí àpẹ́ńdíìsì kò bá tíì bẹ́

Ìlànà kan náà sọ pé kí a má ṣe fa oògùn ìdènà gùn lẹ́yìn tí iṣẹ́ abẹ bá parí. Àfikún ọjọ́ kò fi kún ààbò. Ohun tí ó lè mú wá ni inú ṣíṣu, èébì, ara yíyún, àti kòkòrò tí apá oògùn kò ní ká mọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Bí ó bá ti bẹ́

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ níhìn-ín, nítorí pé ọyún ti tàn ká inú ikùn. Oògùn kì í ṣe ti ìdènà mọ́, ìtọ́jú ni. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ 3 sí 5, dókítà ni yóò sì sọ iye rẹ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ìrora ti lọ, ẹ má sì ṣe fi kún un fúnra yín.

Fún àwọn tí ń ná ọjà Ìpàta

Ẹni tí ó ti ilé ìwòsàn dé kò gbọdọ̀ ra oògùn apakòkòrò lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn láàárín ọjà. Ẹ má ṣe tú ìyẹ̀fun inú kápúsù dà sí ojú abẹ: kì í ṣe ibẹ̀ ni a ṣe é fún, ó sì lè mú ìdọ̀tí wọ ọgbẹ́. Kí alápatà àti ẹni tí ń ta ẹran tútù bi dókítà nípa ìgbà tí wọ́n lè padà sẹ́nu iṣẹ́ àti ìgbà tí wọ́n lè gbé ẹrù wúwo. Kí wọ́n bo ojú abẹ, kí ó sì gbẹ. Kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Àmì ewu

Bí ojú abẹ bá ń pọ́n, tí ó gbóná, tí ó wú, tí ó ń ṣọyún tàbí tí ó ń rùn, tàbí bí ibà tàbí inú rírun tí ń le sí i bá dé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ tètè padà sí ilé ìwòsàn tí ó ṣe iṣẹ́ náà, tàbí kí ẹ lọ sí Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìlọrin. Ọyún tí ó ti kó jọ sábà máa ń fẹ́ kí a tú u jáde. Oògùn mímu nìkan kì í tó o.

Ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn

1. Ṣé àpẹ́ńdíìsì náà ti bẹ́?
2. Ṣé ó yẹ kí n máa lo oògùn apakòkòrò nílé?
3. Bí ó bá yẹ, èwo ni, ọjọ́ mélòó sì ni?

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí yóò tọ́jú aláìsàn nílé gbọ́ ìdáhùn náà pẹ̀lú.