Òjò Kò Bá Ẹnìkan Ṣọ̀rẹ́

Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò Nassarawa ní Minna, ìpínlẹ̀ Niger, kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ òwe yìí fún un. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹwàá, oòrùn lè mú ganrínganrín ní aago méjì ọ̀sán, kó tó di aago mẹ́ta, òjò á ti ṣú dẹ̀dẹ̀, atẹ́gùn á máa gbé iyẹ̀pẹ̀ káàkiri, kí ẹni tó sá aṣọ sì tó sáré kó o, aṣọ ti tutù. Àti Alhaji tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, àti ọmọ tó gbé ọsàn lérí, omi kan náà ló ń pa wọ́n. Àwọn àgbà sábà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó rò pé ipò tàbí owó yóò gba òun lọ́wọ́ òfin, tàbí lọ́wọ́ àìsàn, tàbí lọ́wọ́ ẹ̀san.

Ìtumọ̀ yẹn tọ́, ṣùgbọ́n ó ku ìdajì. Òwe náà sọ pé ẹnikẹ́ni tí òjò bá rí ni yóò pa. Kò sọ pé bákan náà ni gbogbo ẹni tó pa yóò ṣe rìn nínú rẹ̀. Ẹnìkan á dúró sábẹ́ òrùlé olórùlé, á máa bú ọjọ́. Ẹlòmíràn á ká ṣòkòtò sókè, á mọ ibi tó yẹ kó fẹsẹ̀ tẹ̀, á sì délé. Kò sí ibi tí mo ti rí ìdajì kejì yìí kedere tó orí pápá tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ àtijọ́ sáré ìje, pàápàá ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ojú ọjọ́ bá kọ̀ tí kò dúró sójú kan. Níbẹ̀, òjò kì í ba eré jẹ́. Òjò ló ń jẹ́ kí a mọ ẹni tó mọ ọkọ̀ wà.

Ibi tí irú eré bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀ jù lónìí ni Goodwood, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí ìlú Chichester. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pápá ọkọ̀ òfuurufú ni ibẹ̀, Westhampnett ni wọ́n ń pè é, àwọn ọkọ̀ ogun a sì máa gbéra níbẹ̀ lọ pàdé àwọn ará Jámánì lójú ọ̀run. Lẹ́yìn ogun, ẹni tó ni ilẹ̀ náà, Freddie March, tí í ṣe Duke ti Richmond, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti fi ọkọ̀ sáré ìje rí, sọ ọ̀nà tó yí pápá náà ká di ojú ọ̀nà ìje. Gígùn rẹ̀ kò pé kìlómítà mẹ́rin. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1948 ni wọ́n ṣí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stirling Moss, tó pé ọmọ ọdún 19 ní ọjọ́ tó ṣáájú, gba ipò kìíní níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ọkọ̀ Cooper kékeré kan. Moss di ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ tó gbóná jù lágbàáyé. Orí ọ̀nà yìí kan náà ni iṣẹ́ ìje ńlá rẹ̀ ti parí: lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹrin ọdún 1962, ọkọ̀ rẹ̀ yà kúrò lọ́nà ní kọ́nà tí wọ́n ń pè ní St Mary's, ó sì kọlu ebè iyẹ̀pẹ̀. Ó lo nǹkan bí oṣù kan kó tó mọ ibi tó wà.

Ní ọdún 1966, wọ́n dá ìje dúró níbẹ̀, nítorí pé eré àwọn ọkọ̀ tuntun ti ju ohun tí ọ̀nà náà lè gbà lọ. Ọdún 32 ni kò fi sí ìje níbẹ̀. Ọmọ ọmọ Freddie March ló tún un ṣí ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998, tó pé àádọ́ta ọdún gééré tí bàbá bàbá rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣí i. Láti ìgbà náà wá, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ṣe ìje ọkọ̀ àtijọ́ níbẹ̀, láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Àìkú, irú ọkọ̀ tí wọ́n fi sáré láàárín ọdún 1948 sí 1966 ló sì sábà ń wọ ibẹ̀ sáré. Àwọn tó wá wòran náà a máa múra bí èèyàn ṣe ń múra láyé ìgbà náà: kóòtù tó nípọn, fìlà pẹlẹbẹ, àwọn obìnrin nínú kaba tí ìgbáròkó rẹ̀ fún pinpin. Ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ yóò rò pé wọ́n pín aṣọ ẹbí ni. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò sẹ́ni tó ń fi ohun àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ tí àwọn mìíràn ìbá gbé sínú gíláàsì pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, eré gidi ni wọ́n ń fi sá.

Oṣù Kẹsàn-án nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ, òtútù ń bọ̀. Goodwood kò jìnnà sí òkun, nítorí náà ìkùukùu lè ti etí òkun dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Òjò winniwinni láàárọ̀, oòrùn lọ́sàn-án, atẹ́gùn pẹ̀lú òjò ńlá nírọ̀lẹ́, kò ṣàjèjì rárá. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Victoria kí wọ́n sì sọ̀ ní Chichester, àbọ̀ ọ̀nà lásán ni fún ẹni tó ti máa ń ti Minna lọ sí Ìlọrin. Ẹni tó bá lọ kó mú agbòjò àti bàtà rọ́bà dání, nítorí koríko ni wọ́n ń dúró lé lórí, koríko tí èèyàn púpọ̀ bá sì ti tẹ̀ nínú òjò ti di ẹrọ̀fọ̀ nìyẹn.

Kí ló dé tí òjò fi ń mú irú ìje yìí dùn? Táyà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ìje òde òní, bí ilẹ̀ bá gbẹ, táyà tí kò ní ilà kankan lára ni wọ́n ń lò, ó ń dán bí táyà tó ti pá. Nǹkan bí ọdún 1971 ni irú táyà bẹ́ẹ̀ gbòde nínú ìje àwọn àgbà awakọ̀. Bí òjò bá dé, wọ́n á sáré yà wọlé, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi ti òjò sí i, gbogbo rẹ̀ á sì parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ kò ní irú àǹfààní yẹn. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gé ilà sí lára ló fi ń sáré nínú oòrùn, òun náà ló sì fi ń sáré nínú òjò. Bí òjò bá dé ní àárín eré, kò sí pé à ń sá lọ sílé lọ pààrọ̀ ohunkóhun. Awakọ̀ ni yóò pààrọ̀ ìwà.

Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, gbogbo awakọ̀ ló ń tọ ipa kan náà ní kọ́nà, rọ́bà ara táyà wọn á sì lẹ̀ mọ́ ọ̀dà níbẹ̀ títí ipa náà á fi dúdú. Rọ́bà yẹn ló ń bá wọn di ọkọ̀ mú. Ṣùgbọ́n bí omi bá bọ́ lé e, ibẹ̀ gan-an ló ń yọ̀ jù. Nítorí náà, ọ̀nà tó dára jù lánàá ti di pàkúté lónìí. Ẹ wo ẹni tó mọṣẹ́ nínú òjò: yóò kúrò lójú ipa, yóò lọ gba ìta kọ́nà, níbi tí ọ̀dà ṣì le lábẹ́ táyà, yóò tètè fi bíréèkì sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rọ̀ lórí iná. Ṣitíárì kò ní dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, nítorí pé ìdí ọkọ̀ fẹ́ ṣíwájú orí. Àwọn ọkọ̀ kan kò ní òrùlé, omi ń rọ́ lu awakọ̀ lójú, ẹ sì lè rí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. N kò mọ eré ìdárayá mìíràn tí iṣẹ́ ọwọ́ ti hàn síta tó báyẹn.

Ibẹ̀ náà ni òwe wa ti ń ṣẹ. Nínú ìje àwọn ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn ń lò nílé, ẹ óò rí Ford Galaxie ti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi ju lítà mẹ́fà lọ, tí yóò máa lé Mini tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ kò pé lítà kan àbọ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, agbára ńlá yẹn á jẹ àwọn Mini lójú ọ̀nà tó tọ́. Bí òjò bá rọ̀, Galaxie á kàn máa yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lásán ni, nígbà tí Mini, tí ẹsẹ̀ iwájú ń wọ́, á máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Òjò kò gbè sẹ́yìn ẹni kékeré. Ó kàn kọ̀ láti mọ ẹni ńlá ni. Awakọ̀ Jackie Stewart, tí Ken Tyrrell, olórí ẹgbẹ́ ìje, kọ́kọ́ dán wò ní Goodwood yìí kan náà ní ọdún 1964, fi bí òjò ṣe ń ya ẹni tó mọṣẹ́ sọ́tọ̀ han gbogbo ayé ní Nürburgring nílẹ̀ Jámánì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1968. Òjò àti kùrukùru bo ibẹ̀, ó sì fi ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ ṣíwájú ẹni tó ṣe ipò kejì.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni mò ń sọ. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe èyí tó le jù nínú gbogbo eré òjò, ìyẹn Safari Rally ti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ọdún 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti fi sàmì ìfijoyè Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e sí àsìkò Àjíǹde, nígbà tí òjò ńlá ń bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀nà tó jẹ́ eruku lánàá lè di odò lónìí. Ní ọdún 1963, ọkọ̀ 84 ló gbéra, 7 péré ló parí. Ní 1968, ọkọ̀ 93 gbéra, 7 náà ló tún parí. Ẹni tó gba ipò kìíní ní ọdún méjèèjì ni Nick Nowicki, ará Kẹ́ńyà, ọkọ̀ tó sì fi gbà á ni Peugeot 404. Joginder Singh, ará Kẹ́ńyà tí ìran rẹ̀ ti Íńdíà wá, gba ti ọdún 1965 pẹ̀lú Volvo tí àwọn mìíràn ti lò kó tó dọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di 1978, Jean-Pierre Nicolas fi Peugeot 504 gba Safari, irú ọkọ̀ náà ló sì tún fi gba ti Côte d'Ivoire lọ́dún kan náà, ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí. Láti 2003, wọ́n ti dá Safari ti ọkọ̀ àtijọ́ nìkan sílẹ̀. Björn Waldegård, ará Sweden tó ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1979, gba èyí náà ní 2007 àti 2011, nígbà tó ti dàgbà gan-an.

404! 504! Ta ni kò mọ̀ wọ́n ní Minna? Kàdúná níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní ọdún 1975, Ọjọ́ ní Èkó sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ìjàpá lọ́dún kan náà. 504 ló kó àwọn òbí wa láti páàkì dé páàkì. Àwọn tó kù lójú títì ṣì ń kọ́ni bí a ṣe ń bá òjò lò. Ẹ wo awakọ̀ àgbàlagbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ lẹ́yìn tó la adágún omi kọjá. Kò ní bínú. Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á yọ ìdérí dísíbútọ̀, á fi àkísà gbígbẹ nu inú rẹ̀ àti kọ́ńtáàtì, á nu wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Ó máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ bó bá ti gbéra, kí omi inú ìlù bíréèkì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè gbẹ kó tó dé ibi tí yóò ti nílò bíréèkì. Ìmọ̀ yìí kan náà ni àwọn ará Safari fi parí ìrìn wọn. Àwọn mẹkáníìkì tó ní in ń darúgbó, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sì ti gba ọ̀dọ̀ ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà lọ.

Mo mọ̀ pé òjò kì í ṣe ohun eré ní gbogbo ìgbà. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ní ìpínlẹ̀ Niger yìí kan náà, àgbàrá òjò òru gbé ilé àti èèyàn lọ ní Mokwa, ẹ̀mí tó lọ sí i lé ní 200. Ẹni tó bá rántí ìyẹn kò ní fi omi ṣeré. Eré ọkọ̀ pàápàá ti pa èèyàn: ní Le Mans ní 1955, òǹwòran tó ju 80 lọ ló kú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Nítorí náà, bí a bá máa ṣe irú ìje ọkọ̀ àtijọ́ yìí ní Minna, orí pápá tí a dí ni, kì í ṣe láàárín ìlú. Kí ebè iyẹ̀pẹ̀ wà láàárín ọkọ̀ àti òǹwòran, kí dókítà wà nítòsí, kí gọ́tà sì ṣí sílẹ̀ kí omi lè ríbi gbà.

Ṣùgbọ́n ó yẹ ká ṣe é. Minna ní ilẹ̀ gbalasa lẹ́yìn ìlú, ó sì ti mọ ẹ̀rọ tipẹ́, ọkọ̀ ojú irin ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò kò tíì lọ tán, ó tó. Mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Niger kí wọ́n wá pápá kan fún un, kí wọ́n sì pe àwọn àgbà mẹkáníìkì wá síbẹ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Mo sì bẹ ẹ̀yin tí 404 tàbí 504 bàbá yín ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé, tí adìyẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀: ẹ má tà á fún oníirin àjákù. Ẹ wá mẹkáníìkì àgbà kan tó ṣì mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe nígbà tí ó ṣì lágbára láti tún un ṣe.